Orí Bàrákàt Kò Tóbi Tó Bẹ́ẹ̀

Ìgbà kẹrin rèé láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí Bàrákàt yóò gba abẹ́ afárá rélùwéè Peckham Rye ní London, tí yóò dúró níwájú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù kan náà, tí yóò sì tún híjáàbù rẹ̀ ṣe kó tó wọlé. Ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ ni. Nígbà ooru, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀ tí wọ́n sì ń tún ṣe. Bí òtútù bá ti wọlé, wọn a ti kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn, wọn a wá kó jákẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀wọ́, bàtà líle-líle àti hẹ́límẹ́ẹ̀tì jáde fún àwọn tó ń lọ fi yìnyín ṣeré lórí òkè.

Yìnyín tí Bàrákàt mọ̀ ò ju èyí tó máa ń bọ́ sórí Rye Lane fún wákàtí méjì, tí bọ́ọ̀sì á tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí á di ẹrẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ọdún àṣekágbá ló wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní New Cross. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí níbẹ̀ ló ṣètò pé kí wọ́n gba kóòṣì, bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn, lọ sí Scotland fún ọjọ́ mẹ́rin, kí wọ́n lọ kọ́ síkì àti eré orí pátákó, èyí tí wọ́n fi ń yọ̀ bọ̀rọ́ láti orí òkè wá sílẹ̀. Obìnrin á wà lọ́tọ̀, ọkùnrin á wà lọ́tọ̀, ìrun á máa lọ lásìkò. Kò sí ohun tí ìyá ẹnikẹ́ni lè rí wí sí i. Ohun tí wọn ò kọ sínú ìwé ètò náà ni pé Làtíìfù, ọmọkùnrin tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù abẹ́ afárá yìí, ni wọ́n bẹ̀ pé kó bá wọn lọ, kó máa kọ́ àwọn tí ò mọ̀ ọ́n rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Làtíìfù ṣe rí. Ó ga, ó rọra ń sọ̀rọ̀, ó sì ní ẹ̀rín kan tí kì í rín tán, tó máa ń fi ìyókù rẹ̀ pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu bí ẹni tó ń tọ́jú owó ọkọ̀. Ìyókù ẹ̀rín yẹn ló mú Bàrákàt. Ọmọ tó ti ń ka ìwé ìfẹ́ pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, ó sì mọ̀ dájú pé orí òkè ni irú ọ̀rọ̀ báyìí ti máa ń yanjú. Ọmọbìnrin á yọ̀, ọmọkùnrin á sáré dé, ojú á pàdé ojú, yìnyín á máa bọ́ wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́. Nínú ọkàn rẹ̀ nìkan, Bàrákàt ti ṣubú lórí òkè Scotland lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Kò fara pa lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá rẹ̀ ò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Alhaja Àsúmáù, tí gbogbo ilé ń pè ní Mummy, ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn; ó ti rí ohun tí ìṣubú kékeré létí bẹ́ẹ̀dì ń fi orí ènìyàn ṣe. Lọ́jọ́ Sunday tí Bàrákàt mú ọ̀rọ̀ Scotland wá síwájú rẹ̀, ẹ̀wà ló ń ṣà, kò gbójú sókè.

"Mo gbọ́. Yìnyín. Òkè. Kí ni ẹ ó fi dé orí?"

"Wọ́n á yá wa ní hẹ́límẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, Mummy."

"Ta ló dé e kẹ́yìn?"

"Ẹni tó bá lọ ṣáájú wa, Ma."

"O mọ orí ẹ̀?"

"Rárá, Ma."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Orí tí mi ò mọ ò ní bá orí ọmọ mi gbé inú ìkòkò kan náà."

Ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Nílé wọn, ẹnikẹ́ni kì í dé fìlà ẹlòmíì. Fìlà bàbá rẹ̀ ní ìṣó tirẹ̀ lára ògiri, kódà àbúrò Bàrákàt ọkùnrin tó gbé e dé fi ya fọ́tò nígbà kan gbọ́ ìwàásù tó gùn ju ti ọjọ́ Jímọ̀ lọ. Bí orí bá ti lo nǹkan, nǹkan náà ti mọ orí nìyẹn. Òfin Mummy wá di méjì. Àkọ́kọ́, hẹ́límẹ́ẹ̀tì tuntun tí ẹnikẹ́ni ò dé rí. Èkejì, ojú òun fúnra òun gbọ́dọ̀ rí i lórí Bàrákàt, kó sì bá a mu, kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Friday tí wọ́n máa pa ìwé orúkọ dé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, Scotland á wà níbi tó wà, Bàrákàt náà á wà ní Peckham.

Òní ni Friday ọ̀hún. Aago mẹ́rin àbọ̀ ti lù.

Ẹ ó bi mí pé kí ló wá dé tí ọmọ yìí fi lọ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò rí èyí tó bá a mu. Àṣírí wà níbẹ̀. Orí Bàrákàt kéré. Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Peanut, bí ẹ̀pà, ni wọ́n ń pè é. Nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè é ní Olórí-bíńtín títí di òní. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà tí àwọn ọmọge ń dá. Òdòdó aláṣọ kan wà, ó fẹ̀ tó àgbọn, wọ́n ń pè é ní scrunchie; wọn a so ó mọ́ ìdí irun lẹ́yìn orí, wọn a wá wé híjáàbù lé e, ẹ̀yìn orí á sì ga, á yọ gọngọ bí ti ọmọ ọba. Láti ọjọ́ tí Bàrákàt ti mọ̀ pé Làtíìfù ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn láìso àgbọn rẹ̀ mọ́rí. Ó ti búra fún ara rẹ̀ pé Làtíìfù ò ní mọ orí Peanut láéláé.

Lọ́jọ́ Monday, Làtíìfù fún un ní téèpù kó fi yí orí ara rẹ̀ ká, ó ní kó gba òkè ojú, kó gba òkè etí, kó yí dé ẹ̀yìn. Téèpù gun orí àgbọn kọjá. Medium ò wọlé. Ní Tuesday, Large wọlé, ó ń mì bí ọkọ̀ ojú omi. Ní Thursday, Large ti ilé-iṣẹ́ mìíràn dé, òun náà ń mì. Làtíìfù ní òun máa bá a wá èyí tó tóbi jù lọ, kó padà wá lọ́la.

Bàrákàt ti ilẹ̀kùn wọlé. Aago kékeré orí ilẹ̀kùn dún.

"Sister Bàrákàt," ni Làtíìfù wí láti ẹ̀yìn káńtà. "Orí ti dé."

"Salam alaekum la kọ́kọ́ máa ń sọ."

"Wa alaekum salam. Fún ìwọ àti orí."

Lábẹ́ kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò, Uncle Simeon tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ń fi òróró sí ṣéènì. Ọkùnrin Ìjẹ̀bú ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Làtíìfù, orí yẹn ṣì ń dàgbà?"

"Ó ń dàgbà, Sà. Ó di Monday tó ń bọ̀ kó tó wọ sáìsì kẹ̀kẹ́."

Bàrákàt fẹ́ bínú, àmọ́ ìyókù ẹ̀rín yẹn wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Làtíìfù gbé páálí kan lé káńtà, ó ṣí i bí ẹni ń ṣí ẹ̀bùn ìyàwó. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì dúdú ni, ó dán, ó fẹ̀. "XL," ó ní. "Ẹni tó ra irú ẹ̀ kẹ́yìn, ẹnu-ọ̀nà club ló ń ṣọ́ ní New Cross. Ọrùn ẹ̀ tó itan mi."

Bàrákàt dé e. Ó sọ̀ kalẹ̀ dé ìpéǹpéjú níwájú. Lẹ́yìn, àgbọn gbé e sókè. Ó gbọn orí sọ́tùn-ún, orí lọ, hẹ́límẹ́ẹ̀tì dúró. Làtíìfù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ilé o. Bàrákàt wà nílé?"

"Ó bá mi mu."

"Ó bá ta mu?"

"Èmi. Ó rọ̀ mí lọ́rùn."

"Ilé ló ń rọ ẹni lọ́rùn, kì í ṣe hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ kó dì ọ́ mú díẹ̀, bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn ẹ." Ọ̀rọ̀ náà jáde tán kó tó gbọ́ ọ, ó húkọ́, ó gbé ìka kan, ó fi ti iwájú hẹ́límẹ́ẹ̀tì sókè. Ó ṣubú sẹ́yìn wẹ́rẹ́, iwájú orí Bàrákàt sì yọ síta tòun ti ìyàlẹ́nu. "O rí i? Àwọn onísíkì lè gba ẹ̀gbẹ́ ṣubú. Ìwọ, pátákó lo fẹ́ kọ́. Ẹ̀yìn ni onípátákó ń ṣubú sí, ìpàkọ́ ló kọ́kọ́ ń kí ilẹ̀. Ibi tó yẹ kí èyí ti dì ọ́ mú gan-an ni nǹkan kan ti ń tì í jáde. Kí ló wà níbẹ̀?"

"Irun mi."

"Irun ẹ pọ̀."

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Uncle Simeon húkọ́ lábẹ́ kẹ̀kẹ́.

Bàrákàt wo aago ara ògiri. Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú. Ó mọ̀ pé kí òun wọ ẹ̀yìn, kí òun tú àgbọn sílẹ̀, kí ọ̀ràn parí. Ìṣẹ́jú méjì ni. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ohun tó jẹ́ láti jẹ́ ọmọ ọba lójú ẹnì kan fún ọjọ́ mẹ́rin, kí ènìyàn wá fi ọwọ́ ara ẹ̀ di Peanut? Ó gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé òun á fi gèlè Mummy méjì di inú hẹ́límẹ́ẹ̀tì náà bí òun bá délé. Ó fa káàdì rẹ̀ yọ.

"Mo máa rà á bẹ́ẹ̀."

"Mi ò tà á."

"Kí lo wí?"

"Mi ò tà á fún ẹ, Bàrákàt. Allow it, fi í sílẹ̀. Tó o bá ṣubú nínú èyí, á kọ́kọ́ já bọ́, orí á wá tẹ̀ lé e."

"Mo ní wọ́n á pa ìwé orúkọ dé ní aago mẹ́fà. Mummy gbọ́dọ̀ rí i lórí mi. Tí mi ò bá mú nǹkan délé, mi ò lọ nìyẹn."

"Mo mọ̀."

Ó mọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Bàrákàt lára ju òtútù ìta lọ. Nínú gbogbo ìwé tó ti kà, bí ọkùnrin bá fẹ́ kí obìnrin wá, odò ì báà kún, á gbé e kọjá. Èyí jókòó lẹ́yìn káńtà, ó ní òun ò gbowó. "Làtíìfù," ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "ṣé o ò fẹ́ kí n lọ ni?"

Ìyókù ẹ̀rín yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Ó la ẹnu. Ohun tó fẹ́ sọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́, torí aago orí ilẹ̀kùn dún, Mummy sì wọlé.

Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ kóòtù, bàgì rẹ̀ wà léjìká. Ó ń lọ síbi iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́, ó ní kí òun yà wò ó lójú ọ̀nà, kí òfin má bàa di irọ́. Ó kí gbogbo ilé. Làtíìfù, ọmọ tí wọ́n bí sí ọsibítù Camberwell, wá àyè láàárín bàtà síkì, ó dọ̀bálẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀. Mummy rí i. Ó yíjú.

"Ọmọ mi dà?"

"Èmi rèé, Mummy."

"Mo ń gbọ́ ohùn ẹ. Ìkòkò ìrẹsì ni mò ń rí." Ó sún mọ́ ọn, ó kan orí hẹ́límẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. "Ìwọ lò ń ta èyí fún un, ọmọkùnrin?"

"Rárá, Ma. Òun ló fẹ́ rà á. Èmi ni mo kọ̀."

Mummy wò ó láti òkè délẹ̀. Ó wá gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn orí Bàrákàt, ọwọ́ tó ti fi irun didi àti ìyarun mọ orí yẹn láti ọdún méjìlélógún. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún un tẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní kí lèyí? Orí tí mo bí, mo mọ ibi tó parí sí. Ta ló bá ọ fi kún un?"

Bàrákàt fẹ́ kí ilẹ̀ lanu, kó gbé òun mì. Kọnkéré ni ilẹ̀ abẹ́ afárá, kò ṣe nǹkan kan.

"Lọ tú u sílẹ̀," ni Mummy wí.

Ibì kan wà lẹ́yìn tí wọ́n fi kọ́tìnì bò, tí àwọn oníbàárà ti ń wọ ṣòkòtò wò. Bàrákàt wọ ibẹ̀, ó jókòó lórí àpótí, ó bọ́ hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ó tú híjáàbù, ó fa àgbọn yọ. Nínú dígí, Peanut ń wò ó. Ó rò ó pé kí òun gba fèrèsé jáde, àmọ́ fèrèsé ò sí. Ohùn Mummy sì ń gba inú kọ́tìnì wọlé.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lọmọ mi wá síbí?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin, Ma."

"Ìwọ tó o mọ iṣẹ́ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin, o ò mọ̀ pé nǹkan wà lábẹ́ híjáàbù?"

Ṣéènì kẹ̀kẹ́ náà dákẹ́.

"Mo mọ̀, Ma. Látọjọ́ Monday. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mẹ́ta ló wà nílé. Mo mọ scrunchie."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Ìyẹn ni àkọ́kọ́. Tí mo bá sì sọ ọ́, á ra èyí tó bá a mu lọ́jọ́ yẹn náà, á máa lọ. Kò ní ìdí tó máa fi padà wá mọ́."

Lẹ́yìn kọ́tìnì, Bàrákàt di àgbọn rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Nínú gbogbo ìwé tó ti kà, kò tíì sí ọmọkùnrin kan tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ìyá ọmọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Uncle Simeon.

"O wá ń gbé èyí tí ò bá a mu fún un," ni Mummy wí.

"Mo gbé e fún un dé, Ma. Mi ò tà á. Èyí tó jẹ́ tiẹ̀ wà lábẹ́ káńtà látọjọ́ Monday."

"Báwo lo ṣe mọ sáìsì ẹ̀, nígbà tó jẹ́ àgbọn lo wọ̀n?"

"Mo fojú wọ̀n ọ́n, Ma. Àgbọ̀n ẹnu ẹ̀, etí ẹ̀."

"Ojú wo nìyẹn?"

"Ojú ọlọ́jà, Ma."

Uncle Simeon rẹ́rìn-ín títí kẹ̀kẹ́ fi mì.

Bàrákàt so híjáàbù rẹ̀ padà pẹlẹbẹ, ó jáde bó ṣe rí. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì kan ti wà lórí káńtà, aláwọ̀ ewé, kékeré. Bébà kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n fi bírò kọ *Bàrákàt, má tà* sí. Làtíìfù ò gbé e lé e lórí. Mummy ló gbé e fún.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ma, kó jókòó gbọọrọ, ìka kan péré lókè ìpéǹpéjú. Ẹ so okùn náà lábẹ́ àgbọ̀n. Kí ìka yín méjì lè wọ abẹ́ ẹ̀, kí ó má ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Mummy so ó. Ìka rẹ̀ tutù, ó ń ta òórùn ọṣẹ ọwọ́. "Gbọn orí."

Bàrákàt gbọn ọ́n sọ́tùn-ún, sósì, ó tẹ̀ ẹ́ síwájú, ó fi sẹ́yìn. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì bá a lọ síbi gbogbo. Làtíìfù na awò ojú tí wọ́n ń lò nínú yìnyín sí Mummy, Mummy gbé e sí i lójú. Awò àti hẹ́límẹ́ẹ̀tì pàdé láìsí àlàfo. Mummy fi ìka ti iwájú rẹ̀ sókè bó ṣe yẹ. Kò mì. Ó fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ìpàkọ́ wà.

"Orí ọmọ mi rèé," ó ní.

"Ṣé mo lè lọ, Mummy?"

"Mo ti fọwọ́ ara mi so okùn ẹ̀ mọ́ ọ lágbọ̀n. Kí lo tún fẹ́ kí n so?" Ó yíjú sí Làtíìfù. "Ìwọ. Ẹnu ẹ fi nǹkan pamọ́, a ṣì máa sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ mi gbé owó síwájú ẹ, o ò gbà á, nítorí orí ẹ̀. Ọmọ ta ni ẹ́?"

"Ọmọ Alhaja Kánsọ́lá ni mí, Ma. Ẹ jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí."

"Kánsọ́lá tó máa ń sùn nígbà ìwàásù?"

"Àwọn ni, Ma."

"Sọ fún un pé mo kí i. Tí ẹ bá ti Scotland dé, kó mú ẹ wá kí mi. Kó tó dìgbà yẹn, obìnrin lọ́tọ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀."

"Mo ti gbọ́, Ma."

Mummy gba àgbọn lọ́wọ́ Bàrákàt, ó jù ú sínú bàgì rẹ̀, ó ní òun á fi nu tábìlì. Ó jáde lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Bàrákàt fi fóònù rẹ̀ fi orúkọ ránṣẹ́. Aago márùn-ún àbọ̀ ni. Làtíìfù gba owó, ó na rìsíìtì sí i.

"Orí ẹ kéré gan-an."

"Mo mọ̀."

"Mo ṣe àṣìṣe ẹyọ kan. Ọmọ ọdún méjìlá ni wọ́n kọ sára páálí. Tí a bá dé ọ̀hún, wọ́n á máa rò pé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kó wá."

"Ìwọ tó o fojú wọ̀n ọ́n."

"Ó wù mí bẹ́ẹ̀," ni Làtíìfù wí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó rín ẹ̀rín náà tán.

Bàrákàt ò bọ́ hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Ó dé e gba Rye Lane kọjá, ó gba iwájú àwọn tó ń ta iṣu àti panla, ó gba iwájú sàlúùnù tí obìnrin kan ti fi ìyarun tọ́ka sí i fún oníbàárà rẹ̀. Bó ṣe ń rìn, ó tún ṣubú lórí òkè Scotland nínú ọkàn rẹ̀, ìgbà kejìlá. Èyí yàtọ̀. Ẹ̀yìn ló ṣubú sí, gbì, bí onípátákó tòótọ́, kò sí ẹni tó sáré gbá a mú. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì dì í mú níbi tó yẹ. Ó dùbúlẹ̀ sínú yìnyín, ó ń wo òkè, ojú kan sì yọ lókè rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ilé o. Bàrákàt wà nílé?"

Ó wà nílé. Ó rẹ́rìn-ín sókè láàárín títì, ọkùnrin kan tó gbé àpò ìrẹsì sì yà fún un lọ́nà.